Ẹni Tí Kò Dáhùn Ẹ Kú Ìrìn

Láti kékeré ni ẹsẹ̀ mi ti yá. Ìyá mi a máa sọ pé bí òun bá rán mi níṣẹ́, kí òun tó gbé ìkòkò kaná, mo ti padà dé. Nígbà tí mo di tísà, ìró bàtà mi nìkan ti tó kí gbogbo kíláàsì panu mọ́. Kí n tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù ti ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń pariwo lẹ́yìn mi ní Dùgbẹ̀ pé, "Ìyáàfin, ṣé ẹnì kan ń lé wa ni?" Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó máa rìn jẹ́jẹ́.

Dókítà tó sọ ọ́ kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Ó gbé ohun èlò rẹ̀ lé mi láyà, ó gbọ́ ohun tó gbọ́, ó ní, "Màmá, ó ti rẹ ọkàn yín." Mo ní ta ni kò rẹ̀ nílùú yìí? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá kọ oògùn fún mi. Ọ̀kan máa ń mú kí ọkàn rọra lù kó má baà ṣe wàhálà jù. Èkejì máa ń lé omi jáde lára, òun ló sọ ilé ìtọ̀ di ilé kejì mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ tìtorí oògùn jókòó sójú kan. Kí n máa rìn láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí n ti fi nǹkan sẹ́nu, kí n má sì bẹ̀rẹ̀ kí n tún dìde fùú, torí òòyì lè kọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń mi orí sí. Ìgbà tí mo wá sọ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka di iṣan ọwọ́ mú láti mọ bí ọkàn ṣe ń lù, pé ohun tí n ó máa fi díwọ̀n ara mi nìyẹn, ló mi orí tirẹ̀.

"Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn, mà. Oògùn yìí kò ní jẹ́ kó yára. Bí ẹ tiẹ̀ ń pa ara yín lọ, ọwọ́ yín á máa sọ fún yín pé kò séwu."

"Kí wá ni n ó fi mọ̀?"

"Ìkíni ni. Bí wọ́n bá kí yín lọ́nà tí ẹ sì lè dáhùn dáadáa, tí ẹ lè béèrè ọmọ, béèrè ilé, ìrìn yín dáa. Bó bá jẹ́ orí nìkan lẹ lè mì sí wọn, ẹ dúró. Ẹ wá ibi kan jókòó sí."

Mo rò pé ọmọ yìí ń bá mi ṣeré ni. Mo gbé oògùn mi, mo lọ sílé.

Ilé tí mò ń wí yìí, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ní Bódìjà, níbi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́rí lọ sọ́jà. Ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ti tọ́ gbogbo ọmọ wa dàgbà, ibẹ̀ ni ọlọ́jọ́ sì ti dé bá a. Bí mo bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè láàárọ̀, mo lè rí ọkọ̀ ẹ̀wà àti ọkọ̀ iṣu bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí n sì gbọ́ ayùn àwọn onípákó. Ariwo ni àwọn ẹlòmíì ń pè é. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn láìsí i.

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Akóbọ̀ ló fẹ́ mú mi kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn yìí wá fún un lágbára. "Àtẹ̀gùn yìí ni yóò pa yín, Màmá." Mo ní kó jẹ́ kó pa mí nígbà náà, ṣebí àtẹ̀gùn mi ni. Ó sunkún. Mo bínú pé ó ń sunkún. Báyìí la ṣe ń bá ara wa fà á títí a fi fẹnu kò sí i pé tó bá di ọdún Àjíǹde, òun àti èmi yóò jọ rìn láti ẹnu ọ̀nà mi dé ojú irin rélùweè, a ó rìn padà, n ó sì gun àtẹ̀gùn mi láìjókòó sí àárín rẹ̀. Bí mo bá lè ṣe é, kò ní dárúkọ Akóbọ̀ sí mi létí mọ́. Bí n kò bá lè ṣe é, n ó di ẹrù mi. Mo gbà. Èmi tí ẹsẹ̀ mi yá láti kékeré, kí ló fẹ́ dẹ́rù bà mí?

Ẹni tí mo kọ́kọ́ ń bá rìn ni ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó ti ta aṣọ rí kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó lé e nídìí ìsọ̀. Ó kéré sí mi díẹ̀, "Tísà" ló máa ń pè mí, ó sì ń lo oògùn tirẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ. Bó bá ti di ọjọ́ ìsìn wọn, tòun ti sùtánà funfun la jọ máa ń rìn, láìwọ bàtà. Àmọ́ kì í ṣe àìwọ bàtà ló mú un falẹ̀ o. Ẹnu ni.

Kò sẹ́ni tí kì í kí. Ó ń kí onípákó, ó ń kí ayùn. Bí ẹnì kan bá sọ pé "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin màmá," ọ̀rẹ́ mi á dúró. Á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ tó ní ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá, á tún rántí ìyá ìyàwó. Ká tó kúrò níwájú ẹni yẹn, ẹlòmíì á ti nawọ́ sókè níwájú. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo ní, "Ìwọ, ṣé ìrìn la jáde wá rìn ni, àbí ìbò lo fẹ́ gbà?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Tísà, ẹ rọra. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo ní ṣé ìgbà tí Àjíǹde bá kọjá tán ni kì í bàjẹ́?

Torí ojú irin yẹn kọ̀, a ò dé ibẹ̀. Ìdajì ọ̀nà, oòrùn á ti yọ, a ó sì padà sílé. Èmi sì ti ń ṣàkíyèsí nǹkan kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fẹ́ dáhùn ìkíni, ìdáhùn náà kì í parí. N ó sọ pé "A dúpẹ́, àwọn ọmọ," èémí á sì tán kó tó kan "ńkọ́." Ẹni tó kí mi á dúró, á máa retí èyí tó kù. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀: mo ní ìkíni ló ń jí èémí mi gbé. Mo ní bí wọ́n bá jẹ́ kí n ráyè panu mọ́ kí n rìn, mo ti dé ojú irin tipẹ́.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ panu mọ́ láàárín ọjà ní Ìbàdàn? Bí àgbà kò bá dáhùn ìkíni, lọ́jọ́ kìíní wọ́n á ní kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ara wọn ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Èmi kò fẹ́ kí wọ́n máa rán aṣojú wá bẹ̀ mí nítorí ohun tí wọn kò ṣe.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgbówó ló kọ́ mi ní ọgbọ́n tí mo dá. Ẹ ti rí wọn, okùn tín-ín-rín létí méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní íápíìsì. Ẹ kí wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí wọn, torí gbogbo ayé gbà pé ẹnì kan ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ibòmíì. Mo rántí pé ọ̀kan wà nínú páálí fóònù mi tí n kò lò rí. Mo yọ ọ́, mo ki orí rẹ̀ bọ etí, mo fi ìdí okùn náà há ìró. Fóònù fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Mo wá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ mi yóò máa pè mí láràárọ̀, pé kí oníkálukú wa máa dá rìn. Ó wo okùn náà, ó wo mí. Ó ní, "Ó dáa, Tísà."

Háà, mo rìn! Ẹ ò bá rí mi. "Ẹ kú ì... áà, màmá wà lórí fóònù." Wọ́n á yà fún mi. Èmi á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ńlá wà létí rẹ̀, n ó sì fò kọjá. Kò pẹ́ kò jìnnà, mo dé ojú irin. Mo dúró níbẹ̀, mò ń mí hẹlẹ, ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni gbé omi sí i, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe. Mo fi ìka di iṣan ọwọ́ mi mú. Ó ń lù jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sùn. Mo ní ẹ ò rí i pé dókítà yẹn kàn ń dẹ́rù bà mí ni? Ohun tí ó ti sọ fún mi nípa ọwọ́ yẹn gan-an ni mo ń wò, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ mi fẹ́ wá ni mo pinnu pé n ó fi dánra wò fún ìrìn ọ̀la. Mo pẹ́ jí. Oòrùn ti yọ. Mo gbé oògùn mi mì, mo ní n ó jẹun bí mo bá dé, mo ki okùn mi bọ etí, mo jáde. Mo dé ojú irin. Ìgbà tí mò ń gòkè bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onípákó ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láìdúró dè mí.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti mọ̀ mí dáadáa, tí òun àti ọ̀rẹ́ mi máa ń kí ara wọn bí iyèkan. Ó gbé ojú kúrò nídìí ayùn, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o!" Mo la ẹnu. "Gbà mí" ni mo fẹ́ sọ. Kò jáde. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i. Òun náà gbé tirẹ̀ sókè, ó fi ẹ̀rín sí i, ó padà sídìí iṣẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà kan rọra dúró bí ẹni tó fẹ́ gbé mi. Ó wo etí mi, ó juwọ́, ó wakọ̀ lọ. Obìnrin kan tó ru ẹ̀wà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Yà fún wọn, wọ́n ń gbọ́ fóònù." Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èèyàn wà lọ́tùn-ún, èèyàn wà lósì, ọjà Bódìjà ni, mo sì ń kú lọ láàárín wọn bí ẹni tó wà nínú aginjù. Mo di pákó kan mú. Pákó náà yọ̀. Mo gbọ́ nǹkan tó ró kó! ní ìbàdí mi.

Wọ́n sáré dé nígbà náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n rò? Wọ́n rò pé wọ́n túfọ̀ ẹnì kan fún mi lórí fóònù ni. "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀." "Ta ló kú?" "Bóyá ọmọ wọn ní òkè òkun ni." "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, ẹ gbé wọn jókòó!" Wọ́n gbé mi jókòó lórí egungun tó ti dá. Ẹnì kan ń fẹ́ mi, ẹnì kan ń sọ fún mi pé kò sí ẹni tí kò ní lọ, pé Ọlọ́run ló fún ni tó sì gbà á. Ìyá ẹlẹ́wà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú mi. Ó ní ẹ jẹ́ kí òun bá ẹni tó ń pè sọ̀rọ̀, ká lè mọ ilé tí a ó gbé màmá lọ. Ó fa okùn náà. Ó ń jáde lábẹ́ ìró mi, ó ń jáde, títí irin kékeré ìdí rẹ̀ fi yọ tó ń mì lófuurufú. Kò so mọ́ nǹkan kan. Gbogbo wọn ń wò ó.

Ọ̀rẹ́ mi ló bá wa níbẹ̀. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ń kí tibí, ó ń kí tọ̀hún, wọ́n sì ti sọ fún un kó tó dé. Ó kúnlẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó, ó ní, "Tísà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Mo mi orí. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ báyìí." Mo mi orí. Ó kígbe pé kí wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀, kí wọ́n wá mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n gé ti ilé ìwòsàn kúrú. Egungun ìbàdí ni. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló lè tún un ṣe, wọ́n sì tún ní ọkàn mi kò lè gba iṣẹ́ abẹ náà. Àwọn tó ń wo egungun wo àwọn tó ń wo ọkàn, àwọn tó ń wo ọkàn wo ilẹ̀. Ọmọ mi kò bú mi. Kò sọ pé "ṣé mo sọ fún yín." Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. Ńṣe ló ń fi ọwọ́ pa mí lórí, bí èmi ṣe máa ń pa á lórí bí ibà bá mú un.

Akóbọ̀ ni mo wà báyìí. Ilé náà dára, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Wọ́n gbé àga kan síbi fèrèsé fún mi. Láti ibẹ̀ mo ń rí odi, lórí odi mo ń rí wáyà, lẹ́yìn wáyà mo ń rí òrùlé ẹlòmíì. Mọ́tò ló ń kọjá ládùúgbò yìí, wọ́n sì ti ká gíláàsì sókè. Kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí yóò wo òkè kó kí èèyàn. Bí ọmọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo lè wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ "ẹ kú" kankan. Èmi tí mo di etí mi nítorí ìkíni. Nígbà míì mo jí láàárọ̀, mo wo àjà, n kò sì rí ìdí kankan tí wọ́n fi jí mi. Mo sọ ọ́ fún Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn. Bóyá òun náà wà lórí fóònù.

Dókítà kékeré yẹn wá wò mí. Ó ní ìjókòó náà ní eré ìdárayá tirẹ̀: kí n máa gbé ẹsẹ̀ tó dáa sókè, kí n máa na apá, kí n rọra ṣe é, kí n sì máa sọ̀rọ̀ bí mo bá ń ṣe é kí n lè mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù. Mo ní, "Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?" Ó ti gègé rẹ̀ bọ àpò.

Ọ̀rẹ́ mi wọ Màrúwà wá wò mí. Òun ló sọ fún mi pé ayálégbé tuntun ti wọ ilé mi, pé aṣọ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó tú nǹkan kan nínú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́. Íápíìsì mi ni. Ó ti nù ún, ó ti ká a dáadáa. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa rẹ̀, kò sì bi mí títí dòní. Ó kàn ní, "N ó máa pè yín bí mo bá ń rìn. Ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe tiyín níbẹ̀."

Òótọ́ ló sì ń pè. Láràárọ̀ mo ń ki ìdí okùn náà bọ fóònù, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè sódò, mo ń gbọ́ ayùn, mo ń gbọ́ ọkọ̀ iṣu. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pè, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni, "Tísà, ẹ kú ìjókòó o." Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ẹni tó jókòó, bí a ṣe ń kí ẹni tó ń rìn kú ìrìn. Mo pa fóònù, mo sì sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ní ọjọ́ kejì ó tún pè, ó tún kí mi bẹ́ẹ̀, mo sì dáhùn.

Láàárọ̀ yìí, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn onípákó nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó mọ̀ mí yẹn. Ayùn rẹ̀ dákẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o!"

Mo ní, "A dúpẹ́ o! Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Ẹnu mi ló yá ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi lórí ìyẹ̀fun pákó. Ọmọ mi yọjú láti ilé ìdáná, ó wo mí, ó wo fèrèsé, ó ní, "Màmá, ta lẹ ń dá lóhùn?"

Èémí mi ni mò ń gbọ́. Mo ti kí ọkùnrin náà tán pátápátá, dé orí ọmọ, èémí mi kò sì já níbì kankan. Kí ló fẹ́ já a? Mo jókòó ni.